Rédíò FM tiwa nínú ilé: bí a ṣe ń to tiransímítà kékeré, tí a sì ń yí i títí ohùn yóò fi mọ́

Tiransímítà FM kékeré máa ń gba ohùn láti inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, á sọ ọ́ di ìgbì, gbogbo rédíò tó wà nínú ilé á sì gbé e. Rédíò ìdáná, ti yàrá, ti inú ọkọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wọn á máa sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, láìsí wáyà tí à ń fà láti yàrá dé yàrá. Rédíò àtijọ́ tí a ti gbé sórí àjà tipẹ́ náà á padà wúlò.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá kọ́kọ́ to ọ̀kan, tí ohùn kò sì dára, agbára ni wọ́n máa ń wá kún un. Àìsàn ibẹ̀ kì í sábà jẹ́ ti agbára. Ìkànnì tó ṣófo, áńtẹ́nà tó bá ìkànnì náà mu, iná tó mọ́, àti ìwọ̀n ohùn tó ń wọlé: àwọn mẹ́rin yìí ló ń ṣe é. Tí wọ́n bá pé, agbára táṣẹ́rẹ́ tí òfin gbà láàyè tó gbogbo yàrá. Tí ọ̀kan nínú wọn bá yẹ̀, ẹ̀rọ tó lágbára ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún á kàn ru ariwo náà lọ jìnnà ni.

Ẹ mọ ààlà yín kí ẹ tó tan ohunkóhun

Ojú afẹ́fẹ́ FM kì í ṣe ilẹ̀ tí kò ní olúwa. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó bẹ̀rẹ̀ láti 87.5 MHz (nọ́ńbà tí à ń rí lójú rédíò), ó sì parí sí 108 MHz. Ní Jàpáánì, 76 sí 95 MHz ni. Àwọn ilé iṣẹ́ tó gba ìwé àṣẹ ló ni àwọn ìkànnì ibẹ̀, àwa tí a kò gba ìwé sì ní àyè kékeré tí òfin yọ̀ǹda. Ní Amẹ́ríkà, FCC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò níbẹ̀, sọ pé ìgbì wa kò gbọ́dọ̀ ju 250 maikirofóòtì lórí mítà kan, tí a bá wọ̀n ọ́n ní mítà 3 sí áńtẹ́nà; ìyẹn á dé nǹkan bí mítà 60. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, 50 nánówáàtì ni òpin, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti gbà á láàyè láti ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2006. Ibòmíràn wà tí wọn kò gbà á rárá láìsí ìwé àṣẹ, nítorí náà ẹ wádìí òfin ibi tí ẹ wà kí ẹ tó náwó.

Ìdí wà tí òfin náà fi le. Òkè 108 MHz gan-an ni ìgbì tó ń tọ́ ọkọ̀ òfuurufú sọ́nà dé orí pápá wà. Láti 118 lọ sókè, awakọ̀ òfuurufú àti ilé ìṣọ́ ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Tiransímítà tí kò mọ́ sì máa ń bí ìbejì: èyí tí a tò sí 88.3 lè máa jáde ní 176.6 pẹ̀lú, níbi tí tẹlifíṣọ̀n wà ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Nítorí náà, bọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ wáàtì 1, 5 tàbí 7 sí lára kò sí nínú ọ̀rọ̀ wa yìí. Ẹ má sì so ohun tó ń fi agbára kún ìgbì mọ́ ìdí èyí tí ẹ bá rà. Èyí tí ilé iṣẹ́ ti rán áńtẹ́nà mọ́, ẹ fi áńtẹ́nà náà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Irú ẹ̀rọ tó yẹ

Ìrísí mẹ́ta ni ẹ máa bá pàdé. Àkọ́kọ́ ni ti tiransísítọ̀ kan ṣoṣo, tí kọ́ìlì àti kapásítọ̀ ń pinnu ìkànnì rẹ̀. Ẹ we wáyà bàbà 0.8 mm ní ìgbà 5 mọ́ ìdí irin dírílì 6 mm, ẹ fà á títí á fi gùn tó 8 mm, ẹ ti ní kọ́ìlì tó tó 0.1 µH. Tí ẹ bá fi kapásítọ̀ 25 pF tì í, ìkànnì rẹ̀ á bọ́ sí àyíká 100 MHz. Ibẹ̀ náà ni wàhálà rẹ̀ wà. Bí pF 1 péré bá kún 25 yẹn, ìkànnì á já wálẹ̀ ní nǹkan bí 2 MHz. Ọwọ́ tó sún mọ́ kọ́ìlì nìkan tó láti fi díẹ̀ nínú pF kan kún un. Ooru yàrá ń yí i, bátìrì tó ń rẹ̀ ń yí i. Ẹ á tẹ rédíò síbi tí ohùn ti dáa, ẹ á fà sẹ́yìn láti jókòó, ohùn á sì ti sá lọ. Ó dára fún kíkọ́ iṣẹ́. Fún gbígbọ́ ojoojúmọ́, kò ṣeé gbára lé.

Èkejì ni bọ́ọ̀dù tó ní BH1417F, ṣíìpù ilé iṣẹ́ Rohm. Kírísítálì 7.6 MHz ló ń bá a di ìkànnì mú, kò sì ní sá. Ìkànnì 14 péré ló mọ̀: méje láti 87.7 dé 88.9, méje láti 106.7 dé 107.9, 0.2 sì ni àlàfo àárín ọ̀kan sí èkejì. Swíìṣì kéékèèké mẹ́rin la fi ń yan èyí tí a fẹ́. Bí àwọn ìkànnì wọ̀nyí bá ti kún lágbègbè yín, kò ní ibòmíràn láti lọ.

Ẹ̀kẹta ni bọ́ọ̀dù tó ní Si4713, ṣíìpù tí Silicon Labs ṣe. Láti 76 dé 108 MHz ni ó ń lọ, ó ń fi 0.05 MHz sún, ó sì lè wọn ìgbì tó wà lórí ìkànnì kan kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Òun la máa tò níhìn-ín. Ẹni tó ra ẹ̀rọ tó ti pé, tó kàn ń tẹ bọ́tìnnì, lè fo apá títò. Gbogbo ìyókù kàn án.

Wíwá ìkànnì tó ṣófo

Ẹ fi wákàtí kan sí iṣẹ́ yìí, kì í ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ gbé rédíò tí ẹ máa ń gbọ́ jù lọ síbi tó máa ń wà, ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 87.5, kí ẹ máa fi 0.1 gòkè títí dé 108. Ẹ má lo bọ́tìnnì tó ń wá ìkànnì fúnra rẹ̀: ibi tí ohùn ti lágbára nìkan ló ń dúró, á fo èyí tí kò lágbára, bẹ́ẹ̀ èyí tí kò lágbára yẹn gan-an ló máa wá bá wa jà lẹ́yìn ọ̀la.

Níwájú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́: ohùn tó já gaara, ohùn tó ń wọlé tó ń jáde, tàbí ariwo lásán. Ẹ fara balẹ̀ síbi ariwo. Òfìfo gidi máa ń pariwo: ṣáááá, ó le, ó sì dọ́gba. Bí ẹ bá dé ibì kan tí ariwo náà rọ̀, tó di fẹ́lẹ́, láìsí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ kò ṣófo. Ìgbì kan ló wà níbẹ̀ tó ń tẹ ariwo mọ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ ilé iṣẹ́ tó jìnnà. Ó sì lè jẹ́ kọ̀ǹpútà, ṣájà tàbí gílóòbù LED inú ilé yín. Ẹ máa pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa tẹ́tí sí i. Èyí tí ẹ pa tí ariwo fi padà le, òun lẹ ń wá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo aládùúgbò ìkànnì tó wù yín. Ìgbì FM fẹ̀. Ohùn tó lọ sókè jù ń ti ìgbì lọ sọ́tùn-ún àti sósì ní 75 kHz (0.075 MHz), sítẹ́ríò tún ń fẹ̀ ẹ́ sí i, tó fi jẹ́ pé ilé iṣẹ́ kan ń gba àyè 0.2 MHz, ó tilẹ̀ ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, 0.2 lọ́tùn-ún àti 0.2 lósì gbọ́dọ̀ ṣófo, kí ẹ sì fi 0.4 jìnnà sí ilé iṣẹ́ tó lágbára gan-an. Tí 88.3 bá wù yín, tí ilé iṣẹ́ ńlá sì wà ní 88.5, ẹ gbàgbé 88.3. Ní Amẹ́ríkà, 88.1, 88.3, 88.5 bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń lò, rédíò míì níbẹ̀ kò mọ 88.2 rárá, nítorí náà ẹ yan nọ́ńbà tí rédíò yín mọ̀.

Ẹ tún un ṣe ní alẹ́, ẹ tún un ṣe ní kùtùkùtù òwúrọ̀ ọjọ́ míì. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá móoru tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́, ìgbì FM lè tẹ̀ lé ojú òfuurufú rin ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà, kí ìkànnì tó ṣófo lọ́sàn-án wá ní ohùn lóru. Rédíò FM kì í da ohùn méjì pọ̀ bíi ti AM. Èyí tó lágbára jù ló ń gbé, èkejì á pòórá. Bí agbára méjèèjì bá wá sún mọ́ra, á máa já láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ èkejì bí ẹ ti ń kọjá níwájú rẹ̀.

Ẹni tó ní RTL-SDR, rédíò kékeré tí a ń kì bọ kọ̀ǹpútà láti wo ìgbì, á rí gbogbo èyí lójú: ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á dúró bí òkè, òfìfo á tẹ́ pẹrẹsẹ láàrin wọn. Kí ẹ dín agbára ìgbọ́ràn rẹ̀ kù o, torí bí ó bá pọ̀ jù, á máa fi òkè tí kò sí hàn yín.

Ẹ mú ìkànnì mẹ́ta jáde, kì í ṣe ọ̀kan. Méjì yòókù á wúlò bí àkọ́kọ́ bá ṣì yín lọ́nà.

Títò Si4713

Ohun tí ẹ nílò: bọ́ọ̀dù Si4713 tó ní ẹnu íyápíìsì 3.5 mm, Arduino Uno (bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré tó máa darí rẹ̀), wáyà kéékèèké 5, wáyà ohùn tó ní orí 3.5 mm lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, wáyà oníke tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 90, kapásítọ̀ 220 µF kan, àti 100 nF kan. Ẹ wò ó lára bọ́ọ̀dù bóyá ó gba fóòtì 5. Tí kò bá gbà á, Arduino tó ń lo fóòtì 3.3 ni kí ẹ fi ṣe é, torí Si4713 fúnra rẹ̀ kò fẹ́ fóòtì 5 lórí wáyà ọ̀rọ̀ rẹ̀.

1. Ẹ so VIN (ẹnu iná) bọ́ọ̀dù mọ́ 5V Arduino, kí ẹ so GND (gírándì) mọ́ GND.
2. Ẹ so SDA mọ́ A4, SCL mọ́ A5, RST mọ́ 12.
3. Ẹ fi 220 µF àti 100 nF dábùú VIN àti GND, kí wọ́n sún mọ́ bọ́ọ̀dù bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ẹ ṣọ́ra fún apá òdì 220 µF: GND ló ń lọ.
4. Ẹ fi sọ́dà (òjé tí a fi iná yọ́) lẹ áńtẹ́nà mọ́ ihò ANT. Ẹ má tan ìgbì láìsí áńtẹ́nà kí ẹ wá sọ pé kò ṣiṣẹ́.
5. Ẹ fi àkójọ iṣẹ́ (library) Adafruit Si4713 sínú Arduino, kí ẹ ṣí àpẹẹrẹ tó wà nínú rẹ̀.

Nínú àpẹẹrẹ náà, ìkànnì ni a ń kọ láìfi àmì sí i: 88.30 MHz jẹ́ 8830. Bí Arduino bá ní òun kò rí rédíò, SDA àti SCL ti gba ipò ara wọn, tàbí wáyà RST kò jókòó dáadáa. Ohun méjì yìí ló sábà máa ń fà á. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìgbì, àpẹẹrẹ náà lè wọn ìgbì tó wà lórí ìkànnì kọ̀ọ̀kan láti 87.5 dé 108. Nọ́ńbà tó kéré jù ni ìkànnì tó ṣófo jù. Ẹ fi wé ohun tí ẹ kọ sínú ìwé yín. Ibi tí ìwé àti ẹ̀rọ bá ti fẹnu kò ni kí ẹ yàn.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í yí. Tiransímítà FM máa ń ti ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ sókè kó tó rán an jáde, rédíò á sì tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, kí ariwo lè bá a lọ sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àti South Korea, 75 µs ni òṣùwọ̀n ìtìsókè yìí. Ní ọ̀pọ̀ ibi tó kù, 50 µs ni. Si4713 máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 75. Bí rédíò yín bá jẹ́ ti 50, ohùn á máa ta létí, orin á dà bí irin. Nínú Arduino, ẹ yí ètò Si4713 tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 0x2106 láti 0 sí 1, yóò bọ́ sí 50.

Áńtẹ́nà àti agbára

Ẹ fi ìkànnì pín 7500, ẹ ti mọ gígùn áńtẹ́nà ní sẹ̀ǹtímítà. Fún 88.3, ó jẹ́ 85, fún 107.7, ó jẹ́ nǹkan bí 70. Ẹ jẹ́ kó dúró lóòró, kí áńtẹ́nà rédíò náà dúró lóòró. Bí ọ̀kan bá nà gbọọrọ tí èkejì dúró, ọ̀pọ̀ ìgbì á ṣòfò láàrin wọn. Ẹ gbé e jìnnà sí fìríìjì, páànù àti fèrèsé onírin.

Áńtẹ́nà tó jẹ́ wáyà kan ṣoṣo máa ń wá ìdajì kejì fúnra rẹ̀, wáyà ohùn àti wáyà iná ló sì máa ń rí. Ìdí nìyẹn tí agbára fi máa ń yí padà nígbà tí ẹ bá gbé fóònù sókè tàbí tí ẹ ká wáyà ohùn jọ. Nígbà tí ẹ bá ti rí ipò tó dára, ẹ fi téépù lẹ àwọn wáyà náà mọ́ ibi tí wọ́n wà, kí ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n mọ́.

Fún agbára, Si4713 gba nọ́ńbà láti 88 dé 115. Àwọn àpẹẹrẹ máa ń gbé e sí 115, ẹ̀yin ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 88. Ẹ máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí yàrá tó jìnnà jù á fi gbọ́ ọ láìsí ariwo, kí ẹ sì dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé rédíò kékeré jáde sí ojú títì. Bí ohùn yín bá ṣì mọ́ gaara níbẹ̀, ẹ ti kọjá ohun tí ilé yín nílò, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ ti kọjá òfin; ẹ dín in kù.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìdákẹ́jẹ́

Ẹ tan tiransímítà láì tíì fi ohùn kankan sí i, kí ẹ sì tẹ rédíò sí ìkànnì náà. Rédíò tó ń ké ṣáááá á dákẹ́ lójijì, bí ìgbà tí èèyàn ti ilẹ̀kùn mọ́ ariwo títì. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni òṣùwọ̀n yín, ẹ yí ohùn rédíò sókè kí ẹ lè gbọ́ ọ dáadáa. Bí ṣáááá bá ṣì ń yọ́ gbọ́, ìgbì kò tíì tó, tàbí ìkànnì kò ṣófo. Bí hùùùù ló bá kù, iná ni. Bí ó bá ń fọn bí ìfèrè, ṣájà tàbí kọ̀ǹpútà ni.

Ti iná yẹ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ṣájà fóònù olówó pọ́ọ́kú máa ń ti ariwo rẹ̀ wọ inú ohùn. Ẹ fi bátìrì dán an wò: bí ariwo bá lọ, ṣájà ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ iná ògiri síbẹ̀, ẹ lo ṣájà fóòtì 9 kí ẹ sì fi 7805, ṣíìpù tó ń dín fóòtì kù, sọ ọ́ di fóòtì 5, pẹ̀lú kapásítọ̀ 100 µF lẹ́nu ọ̀nà àbájáde. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí kọ̀ǹpútà ń gba iná nìkan ni hùùùù ń dún, gírándì méjì ló pàdé láti inú kọ̀ǹpútà àti ṣájà tiransímítà. Ẹ ki tiransifọ́mà ohùn kékeré, ọ̀kan sí ọ̀kan, 600 ohm, sáàrin wáyà ohùn. Á gbé ohùn kọjá, kò ní gbé gírándì kọjá.

Ìwọ̀n ohùn

Ibí ni ọ̀pọ̀ tiransímítà tó dára ti ń bàjẹ́. Ohùn tó kéré jù á mú kí ẹ ṣí rédíò sókè, ariwo á sì tẹ̀ lé e. Ohùn tó pọ̀ jù á fọ́, á sì fẹ̀ lọ sórí ìkànnì aládùúgbò. Ẹnu ọ̀nà Si4713 ni a tò láti gba ohùn tí ṣóńṣó rẹ̀ tó mílífóòtì 636. Fóònù míì ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí a bá ṣí i tán.

Ẹ pa gbogbo ohun tó ń fi báàsì kún orin lórí fóònù. Ẹ ṣí ohùn fóònù dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹ ka ohùn ara yín sílẹ̀, níbi tí ẹ ti ń sọ ọ̀rọ̀ tó ní «s» púpọ̀: sùúrù, sísanra, sísọ, sísè, Sísì Súsàn. Ẹ gbé e gba inú tiransímítà, kí ẹ máa ṣí i sókè. Á dé ibì kan tí «s» á kọ̀ láti jẹ́ «s»: á ya, á dà bí ìgbà tí a ń ya bébà. Ẹ fà sẹ́yìn ní àmì méjì tàbí mẹ́ta lórí fóònù. Ibẹ̀ ni.

Ìdí tí «s» fi ń ṣáájú ni ìtìsókè tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ní 15 kHz, ti 50 µs ń sọ ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ di ìlọ́po bíi 5, ti 75 µs ń sọ ọ́ di ìlọ́po 7. Ìlù lè wà ní ìwọ̀n tó tọ́ nígbà tí «s» ti kọjá ààlà. Ẹni tó bá fi orin onílù ńlá nìkan wọn ohùn á gbà pé ó dára, ọjọ́ tó bá fi ìwàásù sí i ni yóò mọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ máa yí rédíò lọ sí ilé iṣẹ́ ńlá kan kí ẹ padà sí tiyín. Kí tiyín dọ́gba pẹ̀lú tiwọn tàbí kó rẹlẹ̀ díẹ̀. Kì í ṣe àbùkù pé ó rẹlẹ̀ díẹ̀, ilé iṣẹ́ ní ẹ̀rọ tó ń tẹ ohùn pọ̀ kó tó jáde. Lórí Si4713, ẹ tún lè máa ka ìwọ̀n ohùn tó ń wọlé. 0 ni òpin rẹ̀ lókè, kò gbọ́dọ̀ kàn án, àmì pé ohùn ti kọjá ààlà kò sì gbọ́dọ̀ tàn.

Ọ̀rọ̀ lásán kò nílò sítẹ́ríò. Sítẹ́ríò ń fi ohùn èkejì sí òkè ìgbì, níbi tí ariwo pọ̀ sí, nítorí náà ìgbì tí kò lágbára máa ń ké ṣáááá lórí sítẹ́ríò kó sì mọ́ gaara lórí mónò. Bí yàrá kan bá kọ̀, ẹ pa sítẹ́ríò kí ẹ tó fi kún agbára. Fún bọ́ọ̀dù tó jẹ́ ti mónò nìkan, ẹ má so ohùn ọ̀tún àti ti òsì pọ̀ ní tààrà. Ẹ fi rẹsísítọ̀ 1 kΩ sí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó pàdé, kí ẹnu kan má baà máa ti èkejì padà sínú fóònù.

Ẹ rìn yíká ilé

Ẹ mú rédíò kékeré, kí ẹ rìn láti yàrá dé yàrá, kí orin máa lọ. Ẹ ò ní ṣàì rí ibi tí ohùn ti kú, tí yóò sì yè nígbà tí ẹ bá sún díẹ̀. Ògiri ló ń dá ìgbì padà, èyí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ á pa ara wọn níbi tí wọ́n ti pàdé. Ìgbì 100 MHz gùn tó mítà 3, nítorí náà ibi tó yè àti ibi tó kú lè fi sẹ̀ǹtímítà 75 péré jìnnà síra. Bí rédíò ìdáná kò bá gbọ́, ẹ gbé e sún ní ìṣísẹ̀ kan kí ẹ tó fọwọ́ kan tiransímítà. Bí ọ̀pọ̀ yàrá kò bá gbọ́, tiransímítà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ gbé sún, kí ẹ sì gbé e sókè.

Bí nǹkan bá yẹ̀

Bí ohùn bá ń dákẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan tí orin dúró, ẹ̀rọ náà ló ń pa ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé pawabáǹkì ni ẹ fi ń gbé e, pawabáǹkì náà lè pa ara rẹ̀, torí iná tí tiransímítà ń jẹ kéré débi pé ó rò pé kò sí nǹkan tó so mọ́ òun. Bátìrì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti AA sàn jù.

Bí ohùn bá ń wá létí kan ṣoṣo, ẹ ti orí íyápíìsì wọlé dáadáa, ó sábà máa ń ku díẹ̀. Bí ó bá ń ṣe tìkì-tìkì-tìkì, fóònù tó ń wá nẹ́tíwọ̀kì ló wà lórí wáyà ohùn. Ẹ gbé e kúrò, tàbí kí ẹ pa nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ nígbà tó ń ṣe orin. Bí ẹ̀ ń fi Bluetooth gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n, ẹnu àwòrán á ṣáájú ọ̀rọ̀. Wáyà ni kí ẹ lò fún ìyẹn.

Bí ohùn yín bá ń yọ níbi méjì mẹ́ta lórí rédíò kan náà, rédíò náà ló sún mọ́ tiransímítà jù, ìgbì ti kún etí rẹ̀. Ẹ fi mítà 2 tàbí 3 jìnnà síra kí ẹ tó dá tiransímítà lẹ́bi. Bí ó bá ṣì ń yọ níbi púpọ̀ lórí rédíò tó wà ní yàrá kejì, tàbí tí tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò ń gé, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi agbára rẹ̀ sí 88, kí ẹ gé ohùn tó ń wọlé kù sí ìdajì, kí ẹ sì yẹ ìlọ́po méjì ìkànnì yín wò pẹ̀lú RTL-SDR. Bí òkè kan bá ṣì ga níbẹ̀, bọ́ọ̀dù náà kò mọ́, kò sì yẹ kó padà sórí iná.